Ẹ-jẹ́-ó-gbẹ àti Irúgbìn Ọ̀gànwó

Bí ẹ bá gbé iṣẹ́ lọ bá bàbá gbẹ́nàgbẹ́nà tó wà ní òdìkejì ilé wa, ẹ má retí pé ẹ máa tètè rí i gbà. Ẹ lè bẹ̀bẹ̀, ẹ lè bínú, ẹ lè ní ìyàwó ti wà lọ́nà tí kò sì sí bẹ́ẹ̀dì tó máa sùn lé. Bàbá á fi àtẹ́lẹwọ́ pa pákó lára bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún, á fi ìka kàn án, kó-kó-kó, á dẹtí sí i, á wá mi orí.

"Ẹ jẹ́ ó gbẹ ná."

Ibẹ̀ ni ìnagijẹ rẹ̀ ti wá. Gbogbo àdúgbò ló ń pè é ní Ẹ-jẹ́-ó-gbẹ, òun náà sì ń jẹ́ ẹ láìbínú.

Ẹ má rò pé ọ̀lẹ ni o. Pákó tútù, ẹlẹ́tàn ni. Lónìí á dúró ṣánṣán bí ọmọ tó ń bẹ̀rù olùkọ́. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, á súnkì, á wọ́, ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù á kọ̀, kò ní í pa dé mọ́. Ìdí nìyẹn tí Bàbá fi kan pẹpẹ gbọọrọ kan sábẹ́ páànù ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, níbi tí ooru ti ń mú jù. Ibẹ̀ ló ń to pákó sí, tó ń fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan kí afẹ́fẹ́ lè gba ibẹ̀ kọjá, tó sì ń fi wọ́n síbẹ̀ bí ẹni tó ti gbàgbé wọn. Àga tó kàn fún bàbá mi àgbà ṣì wà nílé wa títí di òní. Kò dún kẹ̀ẹ́ rí.

Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Aránṣọ, ló ni ìdajì ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí títì. Kọ́tìnnì kan ni wọ́n fi pààlà, ṣùgbọ́n lẹ́búlẹ́bú pákó kì í ka kọ́tìnnì sí.

"Bó o bá tún da ìdọ̀tí ẹ sára aṣọ oníbàárà mi," Ìyá Aránṣọ á pariwo, "màá rán ẹnu ẹ pọ̀."

"Fi òwú búlúù rán an o," Bàbá á dáhùn láti ẹ̀yìn kọ́tìnnì. "Àwọ̀ yẹn ló ń yẹ mí."

Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, obìnrin ni, iṣẹ́ bàbá rẹ̀ ló sì mú. Látìgbà tí apá ọ̀tún Bàbá ti ń dùn ún, ọwọ́ ọmọ yìí ni ayùn àti ìfági wà. Àwọn oníbàárà ń pè é ní Ọ̀gá Kékeré. Ó mọṣẹ́, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló ń dun Bàbá: Ọ̀gá Kékeré ò tíì fi ìfági kan ọ̀gànwó rí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ ọ̀gànwó díẹ̀, torí bí mi ò bá sọ ọ́, ọkàn mi ò ní balẹ̀. Igi ńlá inú igbó kìjikìji ni. Ó ga débi pé bí ẹ bá fẹ́ rí orí rẹ̀, fìlà á já bọ́ lórí yín. Inú rẹ̀ pupa, ṣùgbọ́n kì í ṣe pupa ọ̀dà o. Pupa tó ń ti inú bọ̀ síta ni, bí ẹni pé wọ́n tan àtùpà sẹ́yìn rẹ̀. Bí ìfági bá kọjá lára rẹ̀, á máa dán bí awọ ọmọ tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òróró pa. Ohun tó dára tó báyìí, ẹ̀yin náà mọ̀ pé ayé ò ní jẹ́ kó sinmi. Wọ́n gé e, gé e, gé e. Àwọn tó ń gé e pọ̀ lọ súà, ẹni tó ń gbìn ín ò tó nǹkan, ó sì wá di ọ̀kan lára àwọn igi tí ẹ̀rù ń bani pé ó lè parẹ́ pátápátá.

Nígbà tí Bàbá ń kọ́ṣẹ́, ọkọ̀ ńlá ló ń kó ìtì rẹ̀ wá. Ènìyàn méjì á na ọwọ́ yí i ká, ọwọ́ wọn ò ní kanra. Bàbá ní àwọn ọmọ iṣẹ́ máa ń jà lórí ẹni tó máa gbálẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá la ọ̀gànwó, tìtorí òórùn rẹ̀. Nísinsìnyí, kí ni ọmọ rẹ̀ ń fá? Pákó funfun tó rọ̀ bíi búrẹ́dì, àti pákó alẹ̀mọ́ tó jẹ́ pé bí omi bá kán sí i lára, á wú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí eyín ń dùn.

Ọ̀kan ṣoṣo ló kù ní gbogbo sàkáání wa. Ẹ̀yìnkùlé Màmá Nọ́ọ̀sì ló wà, ní ìparí òpópónà. Màmá ti fẹ̀yìn tì tipẹ́, ṣùgbọ́n òun ló gbẹ̀bí ìdajì àdúgbò, nítorí náà kò sẹ́ni tó ń bá a jiyàn. Ẹni tó ti na ìdí ẹ kó o tó mọ orúkọ ara ẹ, kí lo fẹ́ bá a fà? Ó ti ṣèlérí fún Bàbá láti ọjọ́ pípẹ́ pé bí igi náà bá máa wó, Bàbá ló ni ìtì rẹ̀. Bàbá sì ti fojú inú la ìtì yẹn tán. Ó mọ ibi tí tábìlì wà nínú rẹ̀, ó mọ ibi tí bẹ́ẹ̀dì wà. Ọmọ rẹ̀ ló máa fá a. Òun á jókòó, á máa wò ó.

Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí wọ́n bá la èyí tán ńkọ́? Bí ọ̀kan ṣoṣo bá lọ, ó parí nìyẹn. Ni Bàbá bá pinnu pé kí igi náà tó wó, òun gbọ́dọ̀ rí irúgbìn rẹ̀ gbìn.

"Bàbá," Ọ̀gá Kékeré sọ, "kí ọ̀gànwó tó tó là, èmi gan-an á ti máa fi eyín àtọwọ́dá jẹun."

"Ọmọ ẹ ńkọ́?"

"Ọmọ wo? Mi ò tíì lọ́kọ, ẹ ti ń gbin igi de ọmọ-ọmọ yín!"

"Igi ò béèrè bóyá o lọ́kọ."

Ní ẹ̀ẹ̀rùn èṣí, èso ọ̀gànwó Màmá Nọ́ọ̀sì là. Èso yẹn rí roboto, ó le bí igi, ó tó ìkúùkù ọmọdé. Bó bá gbó, á ya ẹnu fúnra rẹ̀ lókè igi níbẹ̀. Ẹ wá wo inú rẹ̀! Irúgbìn pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, wọ́n tò léra wọn bí àwo tí wọ́n fọ̀ tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, ìyẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sì yí ọ̀kọ̀ọ̀kan ká. Afẹ́fẹ́ ló ń gbé wọn kiri. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, mo pariwo.

Bàbá ṣa irúgbìn kún garawa. Ó wá kù kí ló máa ṣe sí i. Ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ sá pákó, kí lẹ rò pé ó ṣe? Ó gun àkàbà, ó gbé garawa lọ sórí pẹpẹ abẹ́ páànù, ó tẹ́ irúgbìn síbẹ̀ pẹ̀lú pákó.

"Baálé mi," Ìyá Aránṣọ sọ, "irúgbìn mà nìyẹn, kì í ṣe kọ́bọ́ọ̀dù."

"Ohun gidi kì í fẹ́ omi lára. Máa rán aṣọ ẹ."

Ibẹ̀ ni wọ́n wà títí òjò fi bẹ̀rẹ̀, tí òjò fi fìdí múlẹ̀. Nígbà náà ni Bàbá kan àwọn àpótí tó máa gbìn wọ́n sí. Àpótí yẹn dára ju ohun tí wọ́n ń fi gbin nǹkan lọ. Bí ẹ bá fi kó ẹrù ìyàwó, kò sẹ́ni tó máa bú yín. Ó bu ilẹ̀ dúdú sí i, ó gbìn, ó ń bomi rin ín láràárọ̀. Koríko hù. Tòmátì kan tí kò sẹ́ni tó pè é hù. Ọ̀gànwó kò hù.

Nígbà tó sú u, ó wú ọ̀kan, ó fi èékánná là á. Inú rẹ̀ ti rún, ó gbẹ, ó dúdú.

Ìyá Aránṣọ yọjú láti ẹ̀yìn kọ́tìnnì. "Háà! O ti yan wọ́n! Baálé mi yan igi odindi kan jẹ!" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀rọ ìránṣọ mú. Ìgbà tó wá rí ojú ọkọ rẹ̀, ó jáde wá, ó gba ọwọ́ rẹ̀, ó gbọn ìyẹ̀pẹ̀ kúrò níbẹ̀.

Ẹni tó tú ọ̀rọ̀ náà fún Bàbá ni obìnrin kan tó ń ta òdòdó àti igi kéékèèké nínú ọ̀rá dúdú lẹ́bàá títì. Bàbá kó èyí tó kù lọ hàn án.

"Ibo lẹ kó wọn sí?"

"Orí pẹpẹ."

"Lábẹ́ páànù? Bàbá, ẹ ò ṣàánú wọn o!" Ó la ọ̀kan, ó ju ú nù. "Ọ̀gànwó kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bó bá ti kúrò lórí igi, ilẹ̀ ló ń wá. Ẹ gbìn ín kíá, ẹ fi sí ibòji, kí ilẹ̀ rẹ̀ máa tutù."

"Kó tutù kẹ̀?"

"Kó tutù."

Bàbá rọra tún ọ̀rọ̀ náà sọ, bí ẹni tó ń tọ́ oògùn kíkorò wò. Lójú gbẹ́nàgbẹ́nà, kí nǹkan tutù, èébú ni.

Ọdún yí po, ẹ̀ẹ̀rùn tún dé. Bàbá lọ wo òkè igi, ó rí i pé èso ò pọ̀ tó tèṣí, gbogbo rẹ̀ ló sì ṣì le koko. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Màmá Nọ́ọ̀sì ránṣẹ́ pè é pé onígẹdú ń bọ̀ wá gé igi náà.

Èmi náà tẹ̀lé Bàbá àti Ọ̀gá Kékeré lọ. Màmá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn, ife tíì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ-jẹ́-ó-gbẹ! Ìtì ẹ ń bọ̀ wálẹ̀. Kí ló dé tí ojú ẹ rí bíi ti ẹni tí wọ́n jí bàtà ẹ̀?"

"Ẹ káàsán, Mà. Ẹ jọ̀ọ́, èso rẹ̀ ò tíì là. Bí a bá gé e báyìí, mi ò ní rí irúgbìn tó gbó."

"Wá wo ilẹ̀kùn mi ná."

Ó mú wa lọ sí ẹnu ọ̀nà tó já sí ẹ̀yìnkùlé. Gbòǹgbò ọ̀gànwó ti gba abẹ́ ògiri wọlé, ó ti gbé sìmẹ́ǹtì ilẹ̀ sókè bí ìgbà tí ọmọ bá fi orúnkún gbé aṣọ ìbora. Ilẹ̀kùn ṣí dé ìdajì, ó há síbẹ̀. Kò lọ, kò bọ̀.

"Àga ni mo fi ń ti ilẹ̀kùn yìí bí mo bá fẹ́ sùn," Màmá sọ. "Alángbá ń wọlé wá bá mi wo tẹlifíṣọ̀n. Ẹ tún wo òkè." Ẹ̀ka ńlá kan nà kọjá orí ilé. "Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́, á máa ha páànù mi bí ẹni tó ń bẹ̀ mí kí n ṣílẹ̀kùn. Mo ti gba ẹ̀mí púpọ̀ wọ ayé. Mi ò fẹ́ kí igi wá gba tèmi."

Òótọ́ ni Màmá ń sọ.

Ọ̀gá Kékeré ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó fọwọ́ pa sìmẹ́ǹtì, ó wo àgbékọ́ ilẹ̀kùn, ó jáde síta, ó tún wọlé. "Màmá, inú ni ilẹ̀kùn yìí ń ṣí sí, inú náà ni ilẹ̀ ti ga. Bí a bá yí i, tó ń ṣí síta, kò ní kan nǹkan kan mọ́. Bí a bá ṣe ìyẹn fún yín, ṣé ẹ máa lè mú sùúrù títí èso á fi là?"

Màmá fojú kan án. "Ṣé ìwọ ni mo gbẹ̀bí ẹ tó o gbá mi ní ìpá láyà?"

"Èmi ni, Mà."

"O ò tíì yí padà." Ó mu tíì. "Ó dáa. Onígẹdú fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ níbì kan tó jìnnà, mo máa ní kó kọ́kọ́ lọ. Ṣùgbọ́n bó bá ti padà dé, igi máa wó. Èso là o, èso ò là o."

Àwọn méjèèjì tún ilẹ̀kùn náà ṣe. Bàbá ń wọn, ọmọ ń rẹ́, bàbá ń ráhùn, ọmọ ń dákẹ́. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, Màmá ṣí i, ó pa á, ó tún ṣí i, ó tún pa á, bí ọmọdé tó rí ohun ìṣeré tuntun. Ṣùgbọ́n kò sọ̀rọ̀ onígẹdú mọ́, Bàbá náà ò sì jẹ́ dán an wò.

Bí ìdúró ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Láràárọ̀ ni Bàbá ń lọ dúró sábẹ́ igi tó ń gbójú sókè. Ọrùn rẹ̀ gan. Ìyá Aránṣọ ń fi omi gbígbóná jó o.

"O ti wo ọ̀run tó," ló sọ fún un. "Àwọn tó wà níbẹ̀ á rò pé o ti ń bọ̀."

"Bí wọ́n bá bi ọ́, sọ fún wọn pé mi ò tíì gbin nǹkan tí mo fẹ́ gbìn."

Láti ìgbà yẹn, mo ń rí Ìyá Aránṣọ tó ń ṣa àjákù aṣọ jọ lábẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀, tó ń rán wọn mọ́ra, ewé pupa mọ́ ìlà funfun, ìlà funfun mọ́ òdòdó òféfèé. Bí mo bá bi í, á ní kí n gbájú mọ́ ìwé mi.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni afẹ́fẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn dìde. A gbọ́ ọ láti ilé: pá! Ó dákẹ́. Pá! Pá! Bàbá ju tẹ́ẹ̀pù ìwọ̀n sílẹ̀, ó ní, "Ó ti là!" Ó sáré. Mi ò mọ̀ pé ó lè sáré.

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí ẹ bá rí i! Òkè kún fún ìyẹ́. Irúgbìn ń yí bìrìbìrì bọ̀ wálẹ̀, òmíràn ń lọ sórí páànù, òmíràn ń lọ sí títì, ọ̀kan bọ́ sínú tíì Màmá Nọ́ọ̀sì. Ìyá Aránṣọ dé tòun ti aṣọ àjákù rẹ̀, a tẹ́ ẹ, ó kárí ẹ̀yìnkùlé. Bẹ́ẹ̀ ló ti ń rán an láti ọjọ́ yìí wá, òun tó ń fi ọkọ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́! Gbogbo òpópónà jáde. Onígbàjámọ̀ fi orí oníbàárà sílẹ̀ ní ìdajì, ó wá ń ṣa irúgbìn.

"Bàbá," onígbàjámọ̀ kígbe, "ẹ jẹ́ ó gbẹ ná o!"

"Ìwọ ni wàá gbẹ! Gbé e wá ní tútù!"

Àdúgbò bú sẹ́rìn-ín. Oníbàárà tí wọ́n gé ìdajì orí rẹ̀ ló rẹ́rìn-ín jù.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n gbìn ín, lábẹ́ ibòji ògiri Màmá. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, kò rọrùn fún Bàbá. Mo rí i tó da ẹ̀kúnwọ́ kan síbi tí oòrùn ṣì ń ràn, tó dúró, tó tún yára kó o kúrò. Ó ti mọ́ ọn lára. Ọ̀pọ̀ irúgbìn ni kòkòrò sì ti dá lu. Wọ́n ṣa ìyẹn nù. Èyí tó kù ò pọ̀. Wọ́n fi ilẹ̀ fẹ́lẹ́ bò ó, wọ́n wọ́n omi sí i, wọ́n fi ewé gbígbẹ bo orí rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, kò sí nǹkan kan. Ilẹ̀ lásán là ń wò.

Ilẹ̀ lásán náà la ṣì ń wò nígbà tí onígẹdú padà dé. Ọkùnrin gíga ni, ẹ̀rọ ìgégi sì ti di etí rẹ̀ débi pé ariwo ló ń fi gbogbo ọ̀rọ̀ sọ.

"Igi dà?" ó pariwo.

"Ohun tó ga ju ilé lọ yẹn ni," Màmá Nọ́ọ̀sì sọ.

Onígẹdú gbé ẹ̀rọ kalẹ̀, ó yí igi ká, ó ń fìdùnnú mi orí. Màmá wá kọjú sí Bàbá. "Ẹ-jẹ́-ó-gbẹ, ilẹ̀kùn mi ti ń pa dé. Ẹ̀ka orí ilé yìí nìkan ni kò jẹ́ n sùn. Ìwọ ni mo ṣèlérí ìtì fún, ìwọ lo sì ti ń dúró. Sọ tìẹ."

Bàbá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé èèpo igi náà. Mo rò pé ó máa kàn án, kó-kó-kó. Kò kàn án.

"Bàbá," Ọ̀gá Kékeré sọ jẹ́jẹ́, "àtikékeré mi lẹ ti ń sọ̀rọ̀ ìtì yìí. Apá yín ń dùn yín. Bó bá tún pẹ́ sí i, ẹ lè má lè gbé nǹkan kan mọ́."

"Mo mọ̀, ìyá mi."

"Ẹ ní ẹ fẹ́ kí n fá a lójú yín."

"Mo mọ̀." Ó wo ilẹ̀ tí wọ́n gbin irúgbìn sí. "Ṣùgbọ́n mi ò tíì mọ̀ bóyá ọ̀kankan yè níbẹ̀ yẹn. Ṣé ẹ rí i, tèṣí, èmi ni mo pa wọ́n. Bí tọdún yìí náà bá kú, tí a sì ti gé ìyá wọn, kí la fẹ́ gbìn? Lẹ́búlẹ́bú?" Ó mú ọwọ́ kúrò lára igi. "Ẹ bá Màmá gé ẹ̀ka orí ilé. Ẹ fi ìtì sílẹ̀."

Onígẹdú yọ ohun tó fi bo etí. Ó rò pé òun ò gbọ́ dáadáa. "Bàbá! Ọ̀gànwó rèé! Gbogbo ibi tí mo ti ń bọ̀ yìí, mi ò rí ọ̀kan tó tó báyìí!"

"Ohun tí mò ń sọ gan-an nìyẹn."

Onígẹdú dúró. Ó wo igi láti ìdí dé òkè, ó wo ilẹ̀ lásán tó wà lẹ́bàá ògiri. Ìgbà tó sọ̀rọ̀, ó jọ wá lójú pé ó lè fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀. "Bó bá hù, ẹ bá mi fi díẹ̀ sílẹ̀."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?" Màmá bi í.

"Ká gbìn ín ni, Mà. Ṣé ẹ fẹ́ kí àwọn ọmọ mi máa gé ẹ̀fọ́ ni?"

Ẹ̀ka ló gé, ó sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ pẹ̀lú okùn láìkan páànù. Ọ̀gá Kékeré àti Bàbá gbé e lọ sílé. Kò tó tábìlì, kò tó bẹ́ẹ̀dì, ó kàn tó àpótí ìjókòó kan tàbí méjì. Láti ọ̀nà ni Ọ̀gá Kékeré ti ń gbóòórùn ojú ibi tí wọ́n ti gé e, tó ń ṣe bí ẹni pé òun ò ṣe é.

Ó tún pẹ́ díẹ̀. Bàbá dẹ́kun ọ̀rọ̀ ọ̀gànwó sísọ. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í, á ní òun ń wá ìṣó. Mo rò pé ó ti ń kọ́ ara rẹ̀ láti gbà pé wọ́n ti kú.

Òwúrọ̀ kan ni a gbọ́ ohùn Màmá Nọ́ọ̀sì láti ìparí òpópónà. Igbe tó ń ké ni èyí tó ti ké nínú yàrá ìgbẹ̀bí láìlóǹkà, àwọn ìyá àdúgbò wa sì mọ̀ ọ́n dáadáa:

"Orí ti yọ! Ẹ-jẹ́-ó-gbẹ, orí ti yọ o!"

Bàbá sáré jáde. Bàtà tirẹ̀ ló wọ̀ sẹ́sẹ̀ kan, ti Ìyá Aránṣọ ló wọ̀ sí èkejì. Nígbà tí mo débẹ̀, ó ti kúnlẹ̀. Láàárín ewé gbígbẹ ni èéhù igi kékeré kan ti yọrí, ó tẹ̀ bí ìkọ́, ó pupa rúsúrúsú. Òmíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, a rí díẹ̀ sí i. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló hù, kò tiẹ̀ tó ìdajì, ṣùgbọ́n wọ́n yè! Ìyá Aránṣọ fọwọ́ lé ọkọ rẹ̀ léjìká.

"O ò yan àwọn tibí," ló sọ.

"Mi ò yan wọ́n," Bàbá dáhùn, ó sì ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

Nígbà tí wọ́n dàgbà díẹ̀, a kó àwọn igi kéékèèké yẹn sínú ọ̀rá dúdú. Onígẹdú ti gba tirẹ̀, ó fi bẹ́líìtì ọkọ̀ dè wọ́n mọ́ ìjókòó iwájú. Obìnrin olódòdó ti kìlọ̀ fún wa pé kí a má kó wọn jọ sójú kan nínú oòrùn, torí kòkòrò kan wà tó máa ń wọ inú ọ̀mùnú wọn, tó ń jẹ ẹ́ títí igi á fi wọ́, tí kò ní í ga mọ́. Kí a fọ́n wọn ká, kí a gbìn wọ́n sáàárín àwọn igi mìíràn tó lè ṣíji bò wọ́n. Nítorí náà, ọ̀kan wà lẹ́yìn ilé onígbàjámọ̀, ọ̀kan wà lẹ́yìn ilé wa, mo sì ń kí i láàárọ̀.

Ọjọ́ Sátidé tó kọjá ni wọ́n gbin ti ilé ìwé, létí pápá, lábẹ́ àwọn igi tó ti wà níbẹ̀. Ọ̀gá Kékeré ló gbẹ́ ihò. Ó ti kan ọgbà pákó kékeré kan síbẹ̀ ṣáájú kí bọ́ọ̀lù àwọn ọmọ má bàa fọ́ ọ.

"Sún un síwájú díẹ̀," Bàbá sọ. "Ó ti sún mọ́ ọgbà jù."

"Bàbá, kò tíì tóbi tó ìka mi."

"Ó máa tóbi."

"Ọgbà yìí á ti rà kó tó tóbi."

"Ìwọ lo kàn án. Ṣé iṣẹ́ ẹ máa ń tètè rà ni?"

Ọ̀gá Kékeré dìde, ó na apá méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ dì mọ́ nǹkan kan tí kò sí níbẹ̀. Ó dúró bẹ́ẹ̀, ó ń wo àlàfo tó wà láàárín ọwọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló mú òòlù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ìṣó ọgbà náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Kí lò ń ṣe?" Bàbá bi í.

"Ilẹ̀ ibí yìí ló dára jù, Bàbá. Igi ò ní sún. Ọgbà ló máa sún."